Rélùwéè tó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà: ohun tí fífì náà ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Pendolino láti Euston ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Manchester tàbí Glasgow á ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ bá ti dé kọ́nà, ara kóòṣì á rọra fì sí inú kọ́nà náà. Fèrèsé apá kan á kún fún ilẹ̀ àti koríko, ti apá kejì á kún fún ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kí ọkọ̀ má baà ṣubú ló ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọlọ́kadà ṣe máa ń tẹ̀ sí inú kọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọlọ́kadà tí kò bá tẹ̀ á ṣubú. Rélùwéè tí kò bá fì kò ní ṣubú. Tíì èrò ni yóò dà nù. Nítorí ara àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ fì. Fífì náà kò gba ẹyọ kan kúrò nínú ìyà tí ojú irin ń jẹ.

Kọ́nà, eré, àti gbèsè

Gbogbo ohun tó bá ń sáré ló ń fẹ́ máa lọ tààrà. Bí ojú irin bá yà, irin ni yóò fi tipátipá yí ọkọ̀, ọkọ̀ á yí ìjókòó, ìjókòó á yí èrò. Ohun tí èrò ń mọ̀ lára ni pé nǹkan kan ń ti òun sí ìta kọ́nà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, títì yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí kọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan fi ń di wàhálà ní kìlómítà 160.

Láti ayé ọkọ̀ tó ń jẹ èédú ni àwọn tó ń la ojú irin ti mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á gbé irin ìta kọ́nà ga ju ti inú lọ, kí gbogbo ọkọ̀ lè dagun sí inú. Àmọ́ ọgbọ́n yẹn ní ibi tó mọ. Ojú irin kan náà ni ọkọ̀ ẹrù tó ń rìn jẹ́jẹ́ ń gbà, ìgbà mìíràn sì wà tí síginà pupa á dá ọkọ̀ dúró sáàárín kọ́nà. Bí irin ìta bá ga jù, ẹrù á fì sí inú, irin inú á máa jẹrà lábẹ́ ìwúwo rẹ̀, èrò tó wà lóòró á máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, nǹkan bíi mìlímítà 150 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òpin. Ìyẹn tó nǹkan bíi dígírì márùn-ún àtààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ẹ mú eré ọkọ̀ ní kìlómítà fún wákàtí kan, ẹ fi iye yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 11.8 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi rédíọ́ọ̀sì kọ́nà ní mítà pín in. Rédíọ́ọ̀sì ni pé, bí a bá fa kọ́nà náà yí po títí tó fi di òbírí, ó jẹ́ ìwọ̀n láti àárín òbírí dé ojú irin. Bó bá ṣe kéré sí ni kọ́nà ṣe ń le sí. Iye tó bá jáde ni mìlímítà tó yẹ kí irin ìta fi ga ju ti inú kí èrò má baà mọ ohunkóhun lára, lórí ojú irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà oní-mítà 1,000. Ní kìlómítà 160, ohun tó jáde jẹ́ 302. Irin ìta kò sì lè ga ju 150 lọ. Ó wá ku nǹkan bíi 150 tí ojú irin kò lè san. Gbèsè ni, ara èrò ló sì ń san án. Gbèsè tí kò ju nǹkan bí 150 yẹn ni wọ́n máa ń gbà fún ọkọ̀ tí kì í fì, nítorí bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìrìn inú kóòṣì á di ìjàkadì. Fún ọkọ̀ tó ń fì, wọ́n gbà kí gbèsè náà tó 300. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn fi lè gba kọ́nà kan náà ní nǹkan bíi kìlómítà 195.

Ẹ wò ó lára èèyàn tó wọn kílò 70. Nínú ọkọ̀ tí kì í fì, ní kìlómítà 160, ohun tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò 7. Bí ọkọ̀ yẹn bá sá 195 láìfì, ó di kílò 14. Ṣùgbọ́n bí kóòṣì bá fì ní dígírì 8, ohun tó ṣẹ́kù kò ju nǹkan bíi kílò 4 lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré jù ló wá ń jókòó gbẹdẹmukẹ jù.

Ojú irin ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé kóòṣì fì. Ohun tó ń tì í sí ìta ti di ìlọ́po méjì, bóyá ọkọ̀ fì tàbí kò fì. Nítorí náà, ṣíṣe ọkọ̀ tó lè fì kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ọkọ̀ fúyẹ́ bó bá ti lè ṣe é ṣe, kí òkúta abẹ́ ojú irin dì dáadáa, kí irin sì tò gbọnrangandan. Àtúnṣe ojú irin ìwọ̀-oòrùn láti Lọ́ńdọ̀nù sí Glasgow, tó parí ní ọdún 2008, jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù pọ́ùn 9. Owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Bí ọkọ̀ ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó fì

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Wọ́n á gbé kóòṣì kọ́ láti òkè, ní ibi tó ga ju àárín ìwúwo rẹ̀ lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa fì sí ìta fúnra rẹ̀ ní kọ́nà, kí orí rẹ̀ sì wọlé sí inú. Ilé iṣẹ́ Talgo ti ilẹ̀ Sípéènì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1980, pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ tó wà lókè láàárín kóòṣì kan sí èkejì. Ó rọrùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n fífì rẹ̀ kéré.

Àwọn ará Jèpáànù gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1973, ọkọ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà 381 pè, láàárín Nagoya àti Nagano. Orí rólà ni wọ́n gbé kóòṣì lé, ó sì lè fì tó dígírì 5. Níbẹ̀ ni àléébù ọ̀nà yìí ti hàn. Rólà máa ń le díẹ̀ kó tó yí, nítorí náà ọkọ̀ á ti wọnú kọ́nà kí kóòṣì tó fì, á sì wá fì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kọ́nà bá tán, á ṣì wà ní fífì, kó tó já padà. Òòyì ń kọ́ èrò. Ojú irin oní-mìlímítà 1,067 ni ọkọ̀ yìí ń gbà, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ojú irin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó là láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Kò sí òfin tó ní orí ojú irin fífẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ti lè fì.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀rọ máa fi ọkọ̀ fì. Fiat ti Ítálì ló mú un délé: ETR 401 jáde ní 1976, ETR 450 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988 láàárín Róòmù àti Milan, ó lè sá kìlómítà 250. Lára bógì àkọ́kọ́, ìyẹn férémù irin tó gbé táyà mẹ́rin tí kóòṣì jókòó lé, wọ́n á de sẹ́ńsọ̀ méjì mọ́ ọn. Ọ̀kan ń wọn bí nǹkan ṣe ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́; èkejì ń wọn bí irin ìta ṣe ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu kọ́nà. Èkejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé kọ́nà ti dé.

Àmọ́ ojú irin kì í tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó máa ń gbọ̀n, sẹ́ńsọ̀ sì ń gbọ́ gbogbo gbígbọ̀n náà. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yọ ariwo yẹn kúrò kó tó pàṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kóòṣì á máa jó lójú ọ̀nà tààrà. Yíyọ ariwo ń gba àkókò. Ní kìlómítà 195, ọkọ̀ ń rin mítà 54 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹnu kọ́nà, níbi tí irin ti ń yà díẹ̀díẹ̀ kó tó yà pátápátá, bá gùn tó mítà 100, ọkọ̀ á ti gbà á kọjá kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Láàárín ìyẹn ni kóòṣì gbọ́dọ̀ fì ní dígírì 8 tán. Ìdúró ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré ti pọ̀ jù. Kóòṣì iwájú ló ń jìyà èyí jù. Àwọn tó wà lẹ́yìn lè ti gba ìròyìn láti iwájú kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni mo rò pé ó gbọ́n jù. Ní 1989, lórí erékùṣù Shikoku ní Jèpáànù, wọ́n gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n fi nọ́ńbà 2000 pè jáde, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ní àkọsílẹ̀ gbogbo kọ́nà ojú ọ̀nà náà lọ́wọ́: ibi tó wà, bó ṣe le tó, bí irin ìta ṣe ga tó. Àwọn ohun èlò síginà tó wà lójú irin ń sọ fún un ibi tó dé. Kò ní dúró kí kọ́nà tì í. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì kó tó débẹ̀.

Ìdí tí èébì fi ń gbé àwọn èèyàn

Bìrìtìkó fi ìtìjú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọkọ̀ ìdánwò wọn, APT-E, sá kìlómítà 245 ní wákàtí kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, láàárín Swindon àti Reading. Èyí tó tẹ̀ lé e tó ń lo iná mànàmáná, APT-P, sá 261 ní oṣù Kejìlá 1979. Nígbà tí wọ́n wá gbé e fún èrò ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1981, láti Glasgow sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn oníròyìn kún inú rẹ̀, inú sì ń ru àwọn kan nínú wọn. Yìnyín bo ìlú lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, bíréèkì dì, ẹ̀rọ tó ń mú un fì ń kọṣẹ́. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti kó o kúrò níwájú èrò.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù. Ó ń fì dé ibi tí èrò kò fi mọ títì kankan lára. Nínú etí wa, omi kékeré kan wà nínú ihò róbótó tó ń sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí. Omi yẹn ń sọ pé a ń yí. Ojú tó ń wo ìta ń sọ pé ilẹ̀ ti dagun. Ṣùgbọ́n ìdí tó wà lórí ìjókòó ń sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ẹnu wọn kò kò, ọpọlọ á wá dà bí ẹni tó jẹ májèlé. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn: wọ́n dín fífì kù díẹ̀, wọ́n fi títì kékeré sílẹ̀ kí ara lè gbà pé kọ́nà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kílò 4 tí a ṣírò lókè kò fi jẹ́ àṣìṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

APT padà wá sí iṣẹ́ ní jẹ́jẹ́ ní 1984, ara rẹ̀ sì ti yá, ṣùgbọ́n ìjọba kò tún ní sùúrù fún un mọ́. Ọkọ̀ yìí kan náà sá láti Lọ́ńdọ̀nù dé Glasgow ní wákàtí 3, ìṣẹ́jú 52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kẹfà 2021, wọ́n gbé Pendolino kan jáde láti gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo síginà ṣí sílẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú-àáyá 21 ló fi pẹ́ jù ú lọ.

Bí ìwọ fúnra rẹ bá jẹ́ ẹni tí òòyì ń kọ́, jókòó síbi tí ojú rẹ á kọ sí iwájú, má jókòó sí kóòṣì àkọ́kọ́, má ka fóònù láàárín kọ́nà, kí o sì wo ohun tó jìnnà lóde dípò koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Bí èyí kò bá ràn ọ́ lọ́wọ́, di ojú rẹ. O ti yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà nìyẹn.

Inú Pendolino ti Bìrìtìkó

Ilé iṣẹ́ Alstom ló to àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní Birmingham. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2002, ṣùgbọ́n ó di 2004 kí wọ́n tó gbà kí wọ́n máa fì. Láàárín bógì àti ara kóòṣì, igi irin kan wà tí wọ́n fi apá mẹ́rin gbé kọ́. Àwọn apá yẹn dagun sí ara wọn lọ́nà tí kóòṣì á fi máa yí ní àyíká ibi tí èrò jókòó sí, kì í ṣe ní àyíká táyà. Ohun tó ń tì í ni mọ́tò iná tó ń yí ìdè gígùn kan. Àwọn Pendolino ti Ítálì lo agbára ọ́ìlì dípò rẹ̀, èyí tó lágbára àmọ́ tó máa ń jò.

Apá irin tó wà lórí ọkọ̀, tó ń gba iná láti ara wáyà, kò gbọ́dọ̀ bá kóòṣì fì. Bó bá bá a fì, á kúrò lábẹ́ wáyà, á sì fà á já. Nítorí náà wọ́n gbé e sórí ìjókòó tirẹ̀ tó ń fì sí òdìkejì, kó lè máa wà lóòró.

Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni àyè ti wà láti fì. Tọ́nẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Bìrìtìkó há, ojú irin méjì sì sún mọ́ra. Kóòṣì tó bá fì dígírì 8 lè fi èjìká gbá ògiri tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n yanjú rẹ̀ lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n fín ògiri kóòṣì wọlé láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi há, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí àwọn èrò kì í yé ráhùn. Èkejì, wọ́n to àpótí àmì sáàárín ojú irin. Ọkọ̀ ń ka àwọn àpótí yìí bó ṣe ń kọjá, wọ́n sì ń sọ fún un ibi tó ti lè fì àti eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. TASS ni orúkọ ètò náà. Bí fífì bá kọṣẹ́, tàbí tí ọkọ̀ kò bá ka àmì, awakọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí eré ọkọ̀ tí kì í fì. Bó bá gbàgbé, ètò náà á fa bíréèkì fún un.

Wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí kó lè sá 225. Síginà tuntun tí wọn ìbá fi sá irú eré bẹ́ẹ̀ kò wáyé, nítorí náà 200 ni wọ́n ń sá títí dòní.

Ní Amẹ́ríkà, Acela tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 láàárín Boston àti Washington fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kò sì lè fì ju dígírì 4.2 lọ. Ní Jámánì, ICE-T bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n ní 2008 wọ́n pa fífì rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀pá irin tó so táyà pọ̀ lè sán. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ojú irin: ohun tí èrò kò mọ̀ lára, táyà àti ọ̀pá rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí fífì kò lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá 2004, ní Berajondo ní Queensland, Ọsirélíà, ọkọ̀ tó ń fì wọ kọ́nà tí wọ́n fi sí 60 pẹ̀lú eré 112. Ó kúrò lójú irin. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fara pa. Fífì kò lè ṣe ohunkóhun sí i, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe fún táyà nígbà kankan.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo jàǹbá kàn án. Nígbà tí Pendolino kan ṣubú ní Grayrigg ní oṣù Kejì 2007, ibi tí ojú irin kan ti ń pín sí méjì ló ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ fì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn tí kò nílò rẹ̀

TGV, rélùwéè asáré ti Faransé, kì í fì. Ojú irin tuntun ni wọ́n là fún un, kọ́nà ibẹ̀ sì sábà máa ń ní rédíọ́ọ̀sì mítà 4,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìṣirò òkè yẹn wò ó ní 300: 266 ló máa jáde, èyí tí ojú irin àti gbèsè kékeré lè gbé. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn náà, tí wọ́n ṣe fún 150, kò ní ohun tó máa fi fífì ṣe. Ibi tí ọkọ̀ tó ń fì ti wúlò ni ibi tí ojú irin àtijọ́ ti ń lọ́ bí ejò láàárín òkè àti ilé, tí owó kò sì sí láti là á tààrà.

Àárín méjèèjì ni Jèpáànù dúró sí pẹ̀lú Shinkansen N700 ti 2007. Kọ́nà oní-mítà 2,500 pọ̀ lójú irin àkọ́kọ́ wọn láti Tokyo sí Osaka. Wọ́n kàn fi afẹ́fẹ́ kún àpò abẹ́ kóòṣì lápá kan, ọkọ̀ á fì ní dígírì 1 péré, ìyẹn sì tó láti gba àwọn kọ́nà yẹn ní 270. Kò nílò igi irin, kò nílò apá mẹ́rin. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀, èyí ni iṣẹ́ tó wù mí jù: dígírì kan tó ra ìṣẹ́jú púpọ̀.

Ní Bìrìtìkó fúnra rẹ̀, ọwọ́ ti ń yọ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti Hitachi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú irin ìwọ̀-oòrùn náà ní 2024 kì í fì. Wọ́n fẹ̀ nínú, fèrèsé wọn tóbi, wọ́n sì tètè ń gbéra ní ibùdókọ̀. Ohun tí wọ́n fi gbà á ni pé ní àwọn kọ́nà tí Pendolino ń gbà ní 200, eré tiwọn gbọ́dọ̀ wálẹ̀.